Ẹ̀rọ Akọ̀wé àti Etí Olùwádìí

Àwọn àgbà ní, "Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ìtumọ̀ òwe yìí kò fara sin. Ọba kò lè wà níbi gbogbo, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a sọ nílùú kò ní í ṣàì dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí pé ó ní àwọn tí ń bá a gbọ́. Apá ìkẹyìn òwe náà ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ọba gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ ẹni tí ó sọ ọ́, ó mọ ibi tí a ti sọ ọ́, ó sì rí bí ojú ẹni náà ti rí nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí ọba bá pè é pé kí ó wá jẹ́rìí, yóò lè dọ̀bálẹ̀ kí ó ní, "Kábíyèsí, mo wà níbẹ̀."

Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òwe yìí ti ń wá sí mi lọ́kàn lemọ́lemọ́, nítorí irú etí mìíràn kan tí ó ti wọ àárín àwa tí a fi ìwádìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ̀rọ ni etí náà. Ẹ̀rọ akọ̀wé ni n ó sì máa pè é. Olùwádìí yóò gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì tàbí sórí ẹní, yóò tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ náà yóò sì máa gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá fi máa parí, yóò ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò ti ya ọ̀rọ̀ ẹni tí ń béèrè sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹni tí ń dáhùn, yóò sì ti sọ gbogbo rẹ̀ ní sókí sí kókó márùn-ún tàbí mẹ́fà. Òmíràn wà tí a lè kó ogójì ìwé fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a wá máa bi í ní ohun tí ó wà nínú wọn, bí ẹni ń bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kà wọ́n tán. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ni ó ń ṣe gbogbo èyí. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde sí gbangba ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ yanturu. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ àpilẹ̀kọ lábẹ́ mi, kò sí ẹni tí kò ní ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀.

Èmi náà ń lò ó. N kò sí lára àwọn tí í bú ohun tuntun nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Ìbéèrè tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni èyí: bí ẹ̀rọ bá bá wa gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ó bá wa kọ ọ́, tí ó sì bá wa túmọ̀ rẹ̀, ta ni a ó wí pé ó gbọ́ ọ? Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lórí oríkì orílẹ̀ àti ìtàn agboolé ni ó mú kí ìbéèrè yìí le lójú mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a ń gbà lẹ́nu àwọn àgbà wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Orúkọ wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, oyè wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àkọsílẹ̀ ọwọ́ ẹni ti níye lórí tó, kí ó wo bí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ṣe dé ọwọ́ wa. Ọ̀yọ́ ni Johnson ti ṣe iṣẹ́ àlùfáà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi tẹ́tí sí àwọn arókin ààfin àti àwọn àgbà tí ogun ìgbà náà ṣojú wọn. Ní 1897 ni ó parí ìwé rẹ̀. Ní 1899, a fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ìjíhìnrere kan, ibẹ̀ ni ìwé náà sì wọmi sí. Ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó sì fi wọ́n tún odindi ìwé náà kọ. Nígbà tí ó tún fi ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì gba Appam, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e, lójú òkun ní oṣù kìíní ọdún 1916, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1921 kí ìwé náà tó jáde.

A máa ń sọ ìtàn yìí láti fi hàn bí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìwé ńlá. Ohun mìíràn ni mo rí nínú rẹ̀. Odindi ìwé sọnù, àkọsílẹ̀ kò sọnù. Àkọsílẹ̀ náà sì tó ohun tí a fi lè tún ìwé bí. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ wà níbẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ kan àti ẹni tí ó ta kò ó, ó sì mọ ibi tí àwọn arókin gbé fẹnu kò àti ibi tí wọn kò fẹnu kò. Bí ó bá jẹ́ pé kókó mẹ́fà mẹ́fà tí ẹ̀rọ fà yọ ni Johnson fi sílẹ̀, n kò rò pé Obadiah ìbá rí ìwé kọ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà Johnson ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé. Òun ni William Bascom gbé lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1951, tí ó fi gba ẹsẹ ẹ̀ẹ́rìndínlógún lẹ́nu Sàlàkọ́, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1980. Adébóyè Babalọlá gbé ìjálá jáde sínú ìwé ní 1966. Karin Barber gbé ní Òkukù fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó tẹ́tí sí oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1991. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó ń ṣe àti ohun tí kì í ṣe. Ó ń gba ohùn, ó sì ń dá ohùn náà padà bí ó ti gbà á, ti ikọ́ ti èémí. Kò dá sí ìtumọ̀. Olùwádìí ni yóò padà jókòó tì í nílé, tí yóò máa dá a dúró, tí yóò máa dá a padà, títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi yé e. Ẹ̀rọ akọ̀wé ti ré kọjá ààlà yẹn. Ó gbọ́, ó kọ, ó sì sọ fún wa pé, "Ohun tí wọ́n wí nìyí." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé bẹ̀rẹ̀.

Kí n má baà dà bí ẹni tí ń jẹ dùndú tí ń bú iṣu, n ó kọ́kọ́ sọ oore tí ẹ̀rọ yìí ṣe mí. Nínú àpótí kan ní yàrá ìkàwé mi, kásẹ́ẹ̀tì 63 ni ó wà, tí mo gbà láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe àdàkọ rí mọ̀ pé ohùn wákàtí kan lè gba wákàtí mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni, pàápàá bí ó bá jẹ́ oríkì tí a ń kì ní kíákíá. Ojú mi kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn mi kò sì gba ìjókòó pípẹ́. Mo ti jẹ́ kí a yí àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ń fi ẹ̀rọ wá ojú ibi tí a ti dárúkọ ìlú kan tàbí ènìyàn kan nínú wọn. Bí ó tilẹ̀ ṣi orúkọ náà kọ, ó sábà máa ń tọ́ka sí ìṣẹ́jú tí ó yẹ kí n lọ gbọ́. Ohun tí ìbá gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan, mo ń ṣe é láàárín ìyálẹ̀ta sí ọ̀sán. Àwọn ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ, ó ń bá mi yẹ̀ wọ́n wò kí n tó mọ èyí tí n ó kà tinútinú. Mo dúpẹ́ fún gbogbo ìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi rò nísinsìnyí ṣẹlẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní agbègbè Ìbàràpá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ìtàn agboolé, mo sì bá a lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí akéwì ilé wọn. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, Ìyá kì wá, ó fi wá lọ́kàn balẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Nígbà tí ó dé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó ní, "Ogún ni ilẹ̀ yìí jẹ́ fún wa, ọmọ mi." Ó na ọwọ́ sí ojúbọ kan ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a sin bàbá bàbá rẹ̀ sí. Fóònù akẹ́kọ̀ọ́ náà wà lórí ẹní, ó ń gbọ́. Èmi ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré mi lórí itan.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ náà mú orí kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi. Mo rí i níbẹ̀ pé ogun ni àwọn baba ńlá agboolé náà fi gba ilẹ̀ wọn. Mo bi í pé, "Níbo ni o ti rí èyí?" Ó ní, "Ìyá ni ó sọ ọ́, sà. Ó wà nínú àkọsílẹ̀." A jọ ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ohun tí ó kọ ni "ogun ni ile yi je fun wa," láìsí àmì ohùn kankan. Nígbà tí ó fẹ́ sọ ọ́ ní sókí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní láti yan ọ̀kan nínú ogun, ogún, Ògún àti àwọn mìíràn tí lẹ́tà wọn bára mu, ó sì yan ogun tí a ń jà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, Yorùbá rẹ̀ sì dán mọ́rán. Ó kan ka ìsọnísókí dípò kí ó padà gbọ́ ohùn Ìyá ni. Nínú ìwé kékeré tèmi, "ogún" wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó nawọ́ sí ojú oórì.

Ẹnìkan lè wí pé àmì ohùn kan ṣoṣo ni, kí ló wá dé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó dé. Agboolé náà àti agboolé kan tí ó wà ní òdì kejì ọ̀nà ti ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Nínú òfin ilẹ̀ wa, ìtàn àtẹnudẹ́nu jẹ́ ẹ̀rí. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ẹni tí ó bá sì gbára lé ìtàn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà, bí ó ṣe ní i, àti àwọn tí ó ti ọwọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹni tí ó wí pé baba òun ni ó jogún fún òun àti ẹni tí ó wí pé ogun ni baba òun fi gbà á kò sọ ìtàn kan náà. Bí àpilẹ̀kọ yẹn bá wọ ilé ìkàwé yunifásítì bẹ́ẹ̀, tí agbẹjọ́rò kan sì fà á yọ lẹ́yìn ogún ọdún, Ìyá kò ní í sí láyé láti wí pé òun kọ́ ni òun sọ bẹ́ẹ̀. Yóò wá di pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ẹnu òun fúnra rẹ̀ jà.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń ṣe báyìí? Kò gbọ́ èdè bí ọmọ ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn tí a ti kó jọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí ó bá gbọ́ ìró kan, yóò méfò ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jù pé kí ó tẹ̀ lé èyí tí ó ṣáájú. Whisper, tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Wákàtí ohùn 680,000 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nínú èyí, nǹkan bí 117,000 péré ni gbogbo èdè 96 mìíràn tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì pín láàárín ara wọn. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ bá ti tín-ín-rín, ibẹ̀ ni ìméfò yóò ti pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní í fi ohùn ẹni tí ń méfò sọ ọ́. Bí ó ti ń sọ òtítọ́ ni ó ń sọ àṣìṣe, gbólóhùn rẹ̀ á gún régé.

Ohun tí ó wá bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn lórí Whisper jáde. Wọ́n rí i pé nínú nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ohùn tí wọ́n fún un, ẹ̀rọ náà kọ odindi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Nínú irú àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀, bí 38 nínú 100 ni ó lè pa ènìyàn lára, nítorí pé ó sọ ọ̀rọ̀ ìwà ipá tàbí ó purọ́ mọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sì rí i pé bí ibi tí ẹni náà gbé dákẹ́ bá ṣe gùn tó ni àfikún yìí ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀rọ kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, ó lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti jókòó lẹ́sẹ̀ àgbà Yorùbá rí yóò mọ ìdí tí èyí fi bà mí lẹ́rù. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Àgbà yóò sọ̀rọ̀ dé ibì kan, yóò dákẹ́, yóò wo ojú rẹ, yóò tún àṣà ara rẹ̀ da sí èjìká. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn lè túmọ̀ sí pé ohun tí ó kù kò yẹ ní sísọ lójú àwọn ọmọdé tí ó wà níbẹ̀. Ó lè túmọ̀ sí pé orúkọ tí ó kàn jẹ́ ti ẹni tí ó ṣe ohun ìtìjú nínú ìdílé. Ó lè jẹ́ pé ó ń dán ọ wò, kí ó mọ̀ bóyá ilé rere ni o ti wá. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo máa ń kọ "ó dákẹ́" sí irú ibi bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ibi tí wọ́n gbé dákẹ́ ni mo ti rí ohun tí mo wá lọ. Ẹ̀rọ tí ó bá fo ibẹ̀ ti fi nǹkan dù mí. Èyí tí ó bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí i ti purọ́ mọ́ àgbà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ náà wà níbẹ̀. Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, bí olórí ọdẹ kan bá ń bá mi sọ̀rọ̀ tí ó dé ibi ọfọ̀ tàbí ibi orúkọ ewé, yóò ní, "Ẹ pa á ná." N ó tẹ ẹ̀rọ náà, yóò dún pàà, bàbá yóò sì tẹjú mọ́ ọn títí yóò fi rí i pé okùn inú rẹ̀ kò yí mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí ó bá sọ nígbà yẹn, èmi ni ó sọ ọ́ fún. Kò sọ ọ́ fún ayé. Lónìí, bí ojú fóònù bá ṣókùnkùn, ta ni ó mọ̀ bóyá ó ti sùn tàbí ó ń gbọ́? Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ akọ̀wé wọ̀nyí kì í sì ṣe iṣẹ́ wọn nínú fóònù fúnra rẹ̀. Wọ́n ń fi ohùn náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ni wọ́n, tí ó lè wà ní òkè òkun, níbi tí olùwádìí kò mọ ẹnikẹ́ni.

Nàìjíríà ti ní òfin lórí èyí. Òfin ìdáàbòbò ìròyìn nípa ara ẹni tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka ìyọ̀ǹda ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sí ohun pàtàkì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe ṣàlàyé fún bàbá ọlọ́dún márùndínlọ́gọ́rùn-ún pé ohùn rẹ̀ yóò gba ojú òfuurufú lọ sí ilẹ̀ tí òun kò dé rí, kí ó tó padà wá di lẹ́tà lórí fóònù mi? Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nígbà tí kò kúkú sí ẹni tí n ó bá wí lọ́hùn-ún, ìwọ ni n ó bá wí." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Bàbá kò mọ ilé-iṣẹ́ kankan, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Èmi ni ó mọ̀, ilé baba mi ni ó béèrè nígbà tí mo dé, èmi ni ó sì fọkàn tán. Ìyọ̀ǹda tí ó fún mi kò ṣeé fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ bí ẹni ń fi ẹrù lé alábàárù.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó kan àwa tí a ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rò pé àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ wàhálà tí a ń ṣe kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, pé bí ẹnìkan bá bá wọn gbà á ṣe, àyè yóò gbà wọ́n láti ronú. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá ń kọ ọ̀rọ̀ Ìyá sílẹ̀, n kò lè kọ gbogbo rẹ̀, nítorí náà mo ní láti yàn. Bí mo bá sì ń yàn, mo ń ronú. Nígbà tí mo bá ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, mo ń pinnu ohun tí mo gbà pé ó sọ. Wákàtí mẹ́fà tí mo ń lò lórí ohùn wákàtí kan, nínú rẹ̀ ni etí mi ti ń la. Ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá kò ní kí ojúgbà òun bá òun kọ́ ẹsẹ sórí. Ẹsẹ tí kò bá wọ orí ọmọ awo kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí aláìsàn bá jókòó síwájú rẹ̀. Olùwádìí tí ẹ̀rọ ti bá gbọ́ ọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin lè gba oyè ọ̀mọ̀wé. Lọ́jọ́ tí a bá wá gbé e kalẹ̀ níwájú akéwì kan láìsí fóònù lọ́wọ́, yóò dà bí àlejò nínú èdè ìyá rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fi ìlànà kan lélẹ̀ fún ara mi àti fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. A óò jẹ́ kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́ àti ibi tí ohùn rẹ̀ ń lọ. Bí ó bá kọ̀, a óò padà sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tàbí sí ìwé àti bírò. Bí ó bá ní kí a pa á, fóònù yóò kúrò nínú yàrá pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ohun tí ẹ̀rọ kọ, yóò kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ àti ohun tí ó rí. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ fà yọ nínú ìwé wa, a óò padà fi etí gbọ́ ọ, a óò fi àmì ohùn sí i, a óò sì kà á padà fún ẹni tí ó sọ ọ́ bí ó bá ṣì wà láyé. Ẹ̀rọ lè bá wa wá ojú ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ di ọwọ́ àwa fúnra wa.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan wà tí wọ́n ń gbìyànjú láti mú kí ẹ̀rọ gbọ́ èdè wa dáadáa. Ẹgbẹ́ Masakhane tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 ń kó àwọn olùwádìí jákèjádò Áfíríkà jọ lórí irú iṣẹ́ yìí. Mo kan sáárá sí wọn. Bí ọjọ́ bá dé tí ẹ̀rọ yóò máa fi àmì ohùn sí ogún bí ó ti yẹ, inú mi yóò dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà tilẹ̀ dé, ohun tí Ìyá ní Ìbàràpá béèrè lọ́wọ́ wa kò ní í yí padà. Bí a ti ń dìde láti lọ, ó di ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi mú, ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́, o ó lè wí pé ẹnu mi ni o ti gbọ́ ọ?" Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ìdáhùn yẹn ni iṣẹ́ wa. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ láìṣe èké, kó tíì ṣe ìwádìí, bí ó ti wù kí ìwé rẹ̀ nípọn tó.